Wàrà Màálù Ẹgbẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọdún tí màálù kan bá wa gbé ní Ogida, ní ìlú Bìní. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ṣe àtúnṣe kan, nítorí pé Fẹ́mi àbúrò mi máa ń sọ ọ́ lódì fún àwọn ọmọ rẹ̀: màálù náà kì í ṣe ti bàbá wa. Màálù ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní àdúgbò yẹn ló rà á fún àríyá ìparí ọdún, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa nítorí pé Bàámi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà pé nǹkan kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bàámi ń tà ní Airport Road. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, abẹ́rẹ́ ní àyè tirẹ̀, bẹ́líìtì ní àyè tirẹ̀, bí o bá sì ṣí ìdè kékeré kan nípò, yóò ti mọ̀ kí ó tó jókòó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fa okùn màálù lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn ilé onílé wa ni a ń gbé. Mama Osaro ni orúkọ onílé yìí, obìnrin Ẹdó kan tí ohùn rẹ̀ máa ń jí wa ju àkùkọ lọ. Òwúrọ̀ ilé wa ní ariwo tirẹ̀: Mama Osaro á máa bá àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bàlúù á máa kọjá lórí òrùlé wa, Bàámi á máa gbá ilẹ̀ tí Màámi ti gbá tẹ́lẹ̀, Ìyá Àgbà á sì máa rin orín lórí àga kékeré lẹ́bàá ìdáná. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Màámi. Láti Ṣakí ló ti wá wẹ Fẹ́mi nígbà tí wọ́n bí i, ó sì wà lọ́dọ̀ wa títí Fẹ́mi fi ń wẹ ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí tí kò fi ní fọ́, òun nìkan ló sì ń pè mí ní Àbẹ̀ní nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń pè mí ní Bọ́lá. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, á wo èmi àti Fẹ́mi láti òkè dé ilẹ̀, á ní Bìní ti sọ wá di ọmọ olómi. Ó ní, "Ọmọ tí kò mu wàrà, eegun rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ bí ó bá ń rìn." Fẹ́mi, tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, á ní, "Mama, my bone no dey talk."

Ọjọ́ tí wọ́n fa màálù náà wọlé, gbogbo àgbà ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e. Alhaji Ràjí, alága wa, tí ń ta aṣọ, fi ọwọ́ gbá ikùn ẹran náà, ó sì kí àwọn tó lọ rà á kú iṣẹ́, ó ní ọ̀rá rèé. Ìyá Àgbà yọ orín lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ ò ra ẹran. Aboyún lẹ rà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màálù náà kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà pẹ́, nítorí pé ó bímọ kí ọjọ́ àríyá tó pé. Ọ̀rọ̀ wá di ti ìpàdé. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ òun wà níbi tí wọ́n ti máa pa abiyamọ, nítorí náà ẹja ni a fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ àríyá. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan dìde, ó ní dúkìá ẹgbẹ́ ni màálù yìí, ohun tó bá sì ti ara dúkìá ẹgbẹ́ jáde, ti ẹgbẹ́ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe dá èésú wàrà sílẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, bí ìgbà tí a ń kó èésú owó gẹ́lẹ́. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú lórí bóyá ọmọ màálù náà yóò wà nínú èésú. Àwọn kan ní kò dá nǹkan kan. Ìyá Ìbejì, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, bi wọ́n léèrè pé ta ló dá ju ẹni tí wọ́n gba ọmú ìyá rẹ̀. Ní ìparí, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ màálù ni yóò máa kọ́kọ́ kó lójoojúmọ́, kí ẹgbẹ́ tó kó. Bàámi kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le. Títí di òní, n kò tíì rí ìpinnu ìpàdé tó bá ìdájọ́ òdodo mu tó ìyẹn.

Ìyá Àgbà nìkan ló mọ bí a ṣe ń fún wàrà. Ní ìdájí, á jókòó ti màálù náà, á máa kọ orin sí i létí, wàrà á sì máa dún ṣorooro nínú garawa. Ẹni tí ọjọ́ kàn á gbé fìláásíkì tàbí kẹ́ẹ̀gì wá, á mú tútù tàbí kí ó ní kí Ìyá Àgbà bá òun ṣe é ní wàràkàṣì. Ìyá Àgbà ní ewé bọmubọmu tí ó mú wá láti Ṣakí, tó gbìn sínú báàkẹ́ẹ̀tì fífọ́ lẹ́yìn ilé. Omi ewé yẹn ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì nílùú wọn, bó bá sì ti kán sínú ìkòkò gbígbóná, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ẹ̀yà funfun á dìpọ̀, omi ara rẹ̀ á dá dúró. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Àdúgbò wa gbajúmọ̀ lójijì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ní Uwasota, tí kì í wá ìpàdé láyé, wá ń dé kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ màálù ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. Koríko ti gbẹ, èmi àti Fẹ́mi sì ti fá gbogbo pápá tó wà lẹ́yìn ilé tán bí ẹni ń fá orí. Ilẹ̀ mọ́ sí Sátidé ìmọ́tótó, ọjọ́ tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde àfi kí ó tún àyíká rẹ̀ ṣe. Bàámi fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju Kérésì lọ. Ó mú àdá, ó gé ọgbà lápálapá tó yí àgbàlá wa ká, ó gé e gún bí ìlà tí a fi rúlà fà. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ lápálapá. Oje rẹ̀ ni àwa ọmọdé fi ń fọ́n ìfóòfó, ìyá kò sì ní í jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ yẹn kan ẹnu. Bàámi wo òkìtì ewé tó gé. Ó wo màálù. Ó wá rí i pé òun ti fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì: ìdọ̀tí ti lọ, oúnjẹ ti dé. Ó gbé e fún màálù. Màálù gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàámi kì í gbà kí nǹkan kọ̀ láti wọ àyè rẹ̀. Ó sá ewé náà sórí páànù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó pò ó mọ́ èèrí ọkà tí Màámi sẹ́ kúrò lára ògì, ó sì bu iyọ̀ sí i. Màálù tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́. Inú Bàámi dùn. Ó pè é ní àsáró màálù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e fún un, kí Ìyá Àgbà tó jí àti lẹ́yìn tó bá ti wọlé, nítorí ó ní àgbàlagbà kò gbọdọ̀ máa ru abọ́. Ojú Ìyá Àgbà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ohun tó rí nínú abọ́, èèrí ni.

Ọmọ màálù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fẹ́mi ló rí i, ó ní, "This pikin cow dey shake o," Màámi sì ní òtútù ọyẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi. Kò pẹ́ tó fi kan àwa ènìyàn. Alhaji Ràjí bì lórí ìtí aṣọ kan tí oníbàárà ń ná lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì ní òòyì ń kọ́ òun, ẹsẹ̀ òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan ti bọ́ òun lójú àlá. Èmi náà ṣu, mo bì, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Bàámi, tó ń fi wàrà mu tíì lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ tó bá kàn wá, ṣàìsàn ju gbogbo wa lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń pe ohun tí wọ́n máa jíròrò ní ìpàdé, tí Màámi sì ń kọ ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbádùn díẹ̀ á tún gbé fìláásíkì rẹ̀ wá. Ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ta ló fẹ́ kí èésú kan òun kí ó má kó o?

Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú. Wọ́n kọ́kọ́ ní bọmubọmu ni, wọ́n wá fà á tu láti inú báàkẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mu wàrà tútù, tí wọn kò fi ewé kankan sí, ni wọ́n ṣàìsàn jù. Ara kò yá. Wọ́n wá ní kí a gbàdúrà fún màálù náà. Ìyá Ìbejì da òróró sí i ní ìwo apá kan, Alhaji Ràjí ń ka àdúrà tirẹ̀ sí etí apá kejì, olúkúlùkù wọn sì ń gbé ohùn sókè kí ti ẹnì kejì má baà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Màálù náà dúró láàárín, ó ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, ó yàgbẹ́ sí bàtà àwọn méjèèjì. Bàámi fọ ibẹ̀, ó sì tún gbé àsáró rẹ̀ wá, ó fi èèrí kún un pé kí ara rẹ̀ lè tètè le.

Ibẹ̀ ni ojú yí sí Ìyá Àgbà. Ẹnì kan wòye pé òun nìkan ni kò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ náà rìn láti Ogida dé Uwasota kó tó padà sí etí wa: arúgbó tí ó ń kọrin sí màálù létí ní ìdájí, tó ń fún wàrà tí gbogbo ènìyàn ń mu, tí ara tirẹ̀ sì le koko. Alhaji Ràjí wá bá Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n yóò dára kí Màmá lọ sinmi ní Ṣakí, kí ẹgbẹ́ lè fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ pé kí ó wá gbé e ní ọjọ́ ìpàdé. Màámi gbọ́, ó sunkún. Èmi kò sunkún. Mo ń ro bí ibùsùn ṣe máa rí tí n kò bá ní gbọ́ ìmí rẹ̀ àti ikọ́ rẹ̀ mọ́ ní òru. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè máa di irun orí mi fúnra mi.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ewúrẹ́ Mama Osaro kan já okùn wọ ẹ̀yìnkùlé wa, òun náà sì wọlé láti wá a. Ó bá Bàámi níbi tó ti ń gé ewé gbígbẹ, Màámi ń sẹ́ ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mama Osaro dúró. Ó wo ewé, ó wo ọgbà, ó tún wo ewé. "Papa Bola," ó ní, "why you dey give cow fence chop?"

Bàámi ṣàlàyé fún un pé nǹkan kò gbọdọ̀ ṣòfò. Mama Osaro fi ọwọ́ lé ìbàdí. "My goat dem dey chop cloth, dem dey chop book, dem don chop my Bible before. You don see wey dem chop that leaf? Na because goat no fit chop am naim we use am do fence." Ó gbá ewúrẹ́ rẹ̀ mú létí, ó sì jáde lọ.

Ó ti yé èmi náà, bí mo ṣe kéré tó: ohun tí ewúrẹ́ kò jẹ, òun ni a fi ṣe ọgbà, ohun tí a fi ṣe ọgbà, òun ni Bàámi fi iyọ̀ sí. Màámi gbé asẹ́ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ìyá mi ni wọ́n fẹ́ lé lọ lónìí."

Bàámi ní kí ó fi ara balẹ̀, kí ìpàdé kọjá, òun yóò ṣàlàyé fún Alhaji ní kọ̀rọ̀.

"Ṣé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti pè é ní àjẹ́?" Màámi wọlé, kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ilé wa ni ìpàdé ti wáyé. Àpò Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ sì ń fun fèrè mọ́tò níta. Wọ́n gba àdúrà méjì, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, Alhaji Ràjí sì dìde nínú aṣọ funfun. Ó tún sọ pé kò sí ìjà. "Gbogbo wa ló ṣàìsàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe é. Ẹni náà ló sì ń fún wàrà. A kàn ń ka oókan, eéjì ni."

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀ kékeré. Ó ní, "Mi ò mu ún ni."

Ìyá Ìbejì béèrè pé láti ìgbà wo.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìyá mi ta wàrà, èmi náà tà á. Òórùn rẹ̀ máa ń rìn mí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ mu, mo sì fún yín."

Ariwo sọ. Alhaji Ràjí na ìka, ó ní ṣebí òun náà ló sọ pé ọmọ tí kò mu wàrà, eegun rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún kẹ̀kẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ tèmi ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń ṣe ìdájọ́. Ó wá nawọ́ sí ọmọ màálù tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bí mo bá ń bá ẹ̀yin jà, kí ni mo bá ìyẹn jà sí?"

Ṣùgbọ́n ìpàdé tí kò rí ìdáhùn kì í dúró. Ó máa ń dìbò ni. Alhaji ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí Màmá máa lọ na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tí ojú ń tì wà ní ìdajì. "Akọ̀wé, ẹ bá wa kà á."

Bàámi dìde láti ka ọwọ́. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tí ó sì dúró. Ó wo ọwọ́ wọn, ó wo àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Màámi kò wò ó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Bàámi fi bíírò sílẹ̀.

"Mo ní àtúnṣe kan," ó ní. "Kì í ṣe Màmá. Èmi ni. Mo fún màálù ní lápálapá jẹ."

Ẹnì kan béèrè pé lápálapá ta.

"Ti ọgbà yìí. Ó kọ̀ ọ́. Mo sá a, mo gé e, mo pò ó mọ́ èèrí, mo fi iyọ̀ sí i."

Gbogbo ọwọ́ ṣì wà lókè. Wọ́n ti gbàgbé láti sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Alhaji Ràjí fi ohùn kékeré sọ pé, "Ẹ fi iyọ̀ sí i?" Bí ẹni pé láìsí iyọ̀ ọ̀rọ̀ náà kì bá tí burú.

Bàámi rìn lọ síwájú Ìyá Àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ ìpàdé rẹ̀, lórí ilẹ̀ ibi tí màálù máa ń dúró sí. Bàámi, tí kì í jókòó sórí àga láìkọ́kọ́ nù ún. Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Mo rò pé yóò kọjá lórí rẹ̀ lọ sídìí mọ́tò, nítorí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ní, "Dìde, àna mi, ìgbẹ́ ti bá aṣọ rẹ. O ti sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Ó tó." Ó yíjú sí Alhaji, ó sọ fún un pé kí ó lọ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, kí gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì wà lókè sì fi ọwọ́ náà lọ já koríko tútù wá, kí wọ́n fún wàrà náà dànù títí ara ẹran á fi le, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ́ ọ wò. Wọ́n lọ. Mo rí alága ẹgbẹ́ nínú aṣọ funfun tó tẹ̀ kọrọdọ sí ẹ̀bá títì, tó ń fa koríko.

Èmi ni mo gbé àpò náà padà sí yàrá wa. Ara màálù yá, ọmọ rẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìyá Àgbà bá wa gbé títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tó tún pè é ní àjẹ́ mọ́. Nígbà tí mo di tíṣà, mo máa ń rí àwọn òbí tó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá, tí wọ́n ti mọ ẹni tó fà á kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì sọ fún mi ohun tí ọmọ jẹ, ohun tí ó mu, àti ibi tó ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìtàn ilé wa kọ́gbọ́n. Bí ẹran bá kọ oúnjẹ, ẹ má bu iyọ̀ sí i. Bí àìsàn bá sì wọlé yín, ẹ wo inú abọ́ ẹran kí ẹ tó wo ojú arúgbó.